Nígbà Tí Ilẹ̀ Kọ̀ Tí Kò Dúró: Òòyì Lẹ́yìn Ìrìn-àjò Orí Òkun

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí jẹ mọ́ ohun kan tí ó ń bá àwọn ènìyàn wa fínra, tí ọ̀pọ̀ kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Òòyì ni. Kì í ṣe òòyì tí ebi ń fà, kì í sì í ṣe òòyì ibà. Òòyì tí ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ojú omi ń mú bọ̀ wálé ni, tí yóò ti sọ̀ kalẹ̀, tí yóò ti fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ gbígbẹ, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ kò gbà pé ọkọ̀ ti gúnlẹ̀.

Ìtàn ìyá kan ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Arámọkọ-Èkìtì ni ìyá náà ń gbé. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí n sọ ọ̀rọ̀ náà kí ó lè ṣe ẹlòmíràn lóore, ṣùgbọ́n kí n fi orúkọ òun pamọ́. Ó ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún, aṣọ ni ó ń tà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bímọ, ó sì ránṣẹ́ pè é kí ó wá bá òun gbé ọmọ. Nígbà tí ọmọ náà gbó díẹ̀, ọmọ rẹ̀ àti àna rẹ̀ ní kí àwọn fi ìyá ṣe fàájì kí ó tó padà sílé. Wọ́n mú un lọ sí èbúté Southampton, wọ́n wọ ọkọ̀ òkun kan tí ó tóbi bí àdúgbò, wọ́n sì lo ọjọ́ méje lórí omi. Ìyá jẹun, ó sùn, ó rí ibi tí òkun àti ọ̀run gbé pàdé. Ọjọ́ kìn-ín-ní nìkan ni inú ru ú. Láti ọjọ́ kejì, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó tilẹ̀ ń fi àwọn òyìnbó tí ó ń bì ṣe ẹ̀rín.

Ìgbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìyá ní bí òun ti fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ni ilẹ̀ rọra gbé òun sókè, tí ó tún rọra sọ òun kalẹ̀, bí ẹni tí ó dúró nínú ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ. Ọmọ rẹ̀ ní, “Màámi, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣe èmi náà, yóò lọ.” Ní ọjọ́ kejì, ti ọmọ lọ. Ti ìyá kò lọ. Ó wọ bàálù padà sí Èkó, ó wọ ọkọ̀ dé Arámọkọ, ilẹ̀ ṣì ń fì. Bí ó bá dúró ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ń wọn aṣọ, a di ògiri mú. Bí ó bá dùbúlẹ̀, ibùsùn a máa mì jẹ́jẹ́. Ó fi iyán gígún sílẹ̀, nítorí bí ó bá wolẹ̀ wo inú odó, bí ẹni pé odó náà ń léfòó lójú omi ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kí ìyá ará Èkìtì tó jọ̀wọ́ ọmọ odó, ọ̀rọ̀ ti kọjá àwàdà.

Ó lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mẹta, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru. Àwọn mìíràn ní nǹkan ni ó tẹ̀ lé e bọ̀ láti inú òkun, wọ́n sì ti ń ka iye tí ètùtù yóò ná an. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dun ìyá jù kò sí nínú èyí. Lọ́jọ́ kan ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Adó-Èkìtì. Kí bọ́ọ̀sì tó dé Ìgèdè, òòyì náà ti lọ pátápátá. Ó ní ìgbà tí òun dé Ìyìn, òun ń dúpẹ́ pé òun ti rí ìwòsàn. Bí ó ti sọ̀ kalẹ̀ ní Adó, ilẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Nígbà tí ó ròyìn èyí nílé, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Àìsàn wo ni kì í ṣe ènìyàn nínú ọkọ̀, tí ó wá ń ṣe é nílẹ̀? Ẹ̀yin ìyá yìí kàn ń wá ìsinmi ni.” Láti ọjọ́ náà ni ìyá kò ti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ti ń ronú àtita ẹrù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ó jókòó sílé.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, gbólóhùn tí wọ́n fi fi ìyá yìí ṣe yẹ̀yẹ́, òun gan-an ni ó fi àìsàn rẹ̀ hàn. Àìsàn kan wà lóòótọ́ tí kì í ṣe ènìyàn nínú ọkọ̀ tí ó ń rìn, tí ó ń ṣe é nílẹ̀. Ó ní orúkọ, àwọn oníṣègùn sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo inú etí.

Ọ̀pọ̀ wa rò pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni etí ń ṣe, èyíinì ni gbígbọ́ràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní inú etí lọ́hùn-ún, nínú egungun agbárí, òṣùwọ̀n kékeré kan wà tí ó ń sọ fún ọpọlọ bí orí ti wà: bóyá ó dúró gangan, bóyá ó tẹ̀, bóyá ó ń yí. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀ ní etí kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ̀ kọrọdọ bí òrùka, omi sì kún inú wọn. Bí a bá yí orí, omi náà kì í tètè bá a yí. A fà sẹ́yìn, a sì tẹ àwọn irun wẹ́wẹ́ tí ó wà nínú ihò náà. Irun wọ̀nyí ni ó ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò mẹ́ta yìí ni àpò kékeré méjì wà, tí àwọn òkúta tí ó kéré ju iyanrìn lọ jókòó sí. Bí ọkọ̀ bá ta síwájú, tàbí bí ìgbì bá gbé wa sókè, òkúta wọ̀nyí ni ó ń yẹ̀ tí a fi ń mọ̀, bí a tilẹ̀ di ojú.

Ẹ rántí eré tí gbogbo wa ṣe ní kékeré, tí a ń na apá, tí a ń yí po títí òòyì fi kọ́ wa, tí a ṣubú lulẹ̀ tí a sì ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dúró, ilé àti igi ṣì ń yí. Omi inú etí ni kò tí ì dúró. Ẹ bu omi sínú igbá kí ẹ sì yí igbá náà. Bí ẹ bá dá a dúró lójijì, omi á ṣì máa yí nínú rẹ̀.

Dókítà kan ní ìlú Vienna, Robert Bárány ni orúkọ rẹ̀, ni ó fi omi lásán tú àṣírí òṣùwọ̀n yìí. Ó máa ń bu omi fọ etí àwọn aláìsàn. Ó ṣàkíyèsí pé bí omi náà bá tutù jù, òòyì a kọ́ wọn, ẹyin ojú wọn a sì máa já sí apá kan. Bí omi bá gbóná jù, ẹyin ojú a máa já sí apá kejì. Bí omi bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn, kò sí nǹkan kan. Láti ibẹ̀ ni ó ti rí ọ̀nà tí àwọn oníṣègùn ṣì fi ń yẹ inú etí wò títí di òní. Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1914 ni wọ́n fi dá a lọ́lá, ní àkókò tí ó wà ní àhámọ́ ogun lọ́wọ́ àwọn ará Rọ́ṣíà.

Ṣùgbọ́n etí nìkan kọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ yìí. Ẹ ronú nípa ọba kan tí ó ní ìránṣẹ́ mẹ́ta. Ojú ni ìránṣẹ́ kìn-ín-ní, etí ni èkejì, ẹsẹ̀ pẹ̀lú oríkèé ara ni ẹ̀kẹta. Ọpọlọ ni ọba. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá mú ìròyìn kan náà wá, ọba a jókòó pẹ̀sẹ̀. Bí ọ̀kan bá ní ogun dé tí èkejì ní kò sí nǹkan kan, ààfin a dàrú.

Ẹni tí ó bá ti Arámọkọ lọ sí Iléṣà mọ ohun tí mò ń sọ. Bí a bá kọjá Èrìò, tí a kọjú sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ọ̀nà a máa gun òkè, a sì máa wọ́ bí ejò láàrin àwọn òkè. Ọmọdé tí ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ẹ̀yìn àga iwájú ni ojú rẹ̀ ń wò, tàbí fóònù tí wọ́n fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ojú rẹ̀ ń sọ fún ọpọlọ pé, “A jókòó jẹ́jẹ́ ni.” Etí rẹ̀ ń pariwo pé, “A ń yí, a ń gun òkè, a ń já wálẹ̀.” Ọ̀rọ̀ kò bára mu. Òógùn tútù a bo ọmọ náà, itọ́ a kún ẹnu rẹ̀, ojú rẹ̀ a ṣì, lẹ́yìn náà èébì a dé. Awakọ̀ tí ó ń wa ọkọ̀ kan náà kì í bì, nítorí ojú rẹ̀ ti rí kọ́nà kí ó tó dé ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni ó sì ń yí ọkọ̀. Kò sí ohun tí ó bá ọpọlọ rẹ̀ lójijì.

Ohun kan náà ni ó wà lórí òkun, lórí ẹṣin, nínú ọkọ̀ ilẹ̀ àti nínú bàálù. Oníṣègùn kan tí ń jẹ́ J. A. Irwin ni ó fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo rẹ̀ ní ọdún 1881, ó ní ìrìn ni ó ń fà á, kì í ṣe omi. Ní ọdún 1882, William James, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lórí àwọn adití. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn wà tí a lè yí pọ̀ títí, tí òòyì kò ní kọ́ wọn. Ohun tí ó ba etí wọn jẹ́ ti ba òṣùwọ̀n inú rẹ̀ jẹ́ pẹ̀lú. Nítorí náà, ẹni tí ó bì nínú ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀lẹ. Nelson, ọ̀gágun ojú omi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi yangàn, òkun kò yé e rú nínú títí ó fi kú.

Ìrìn-àjò orí òkun kì í ṣe àjèjì sí àwọn ènìyàn wa. Láti ọdún 1951 títí di 1974, ọkọ̀ Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ń kó èrò láàrin Liverpool àti Èkó. Ní ìgbẹ̀yìn, Southampton ni ó ń gbà. Àwọn ọkọ̀ Accra àti Apapa ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìrìn-àjò náà tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ àti dókítà ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n bá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí ìlú òyìnbó. Nígbà tí bàálù gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ òkun, a rò pé ọ̀rọ̀ èébì òkun ti parí. Ó tún padà wá nísinsìnyí, nítorí àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun ń mú òbí wọn wọ ọkọ̀ fàájì.

Wàyí o, kí ni ó ń mú kí ilẹ̀ fì lẹ́yìn tí a ti sọ̀ kalẹ̀? Ẹ wo obìnrin tí ó ru igi ìdáná láti oko dé ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹrù náà a wúwo, ọrùn rẹ̀ a máa gbọ̀n. Nígbà tí ó bá rìn díẹ̀, ọrùn a lẹ̀, a ti mọ ẹrù lára. Bí ó bá wá sọ ẹrù kalẹ̀, a dà bí ẹni pé ọrùn rẹ̀ fẹ́ fò lọ sókè. Ẹrù ti lọ, ṣùgbọ́n ọrùn ṣì ń ti ẹrù tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọpọlọ ṣe lórí òkun. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, ìgbì dà á láàmú. Ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, ó ti kọ́ ìrìn ìgbì náà, ó sì ti ń fì sódì kí ìgbì tó dé, kí ara lè dúró. Nígbà tí a bá sọ̀ kalẹ̀, ìgbì kò sí mọ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ kò tí ì gbàgbé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́.

Èyí kì í ṣe ohun tuntun. Ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, Erasmus Darwin, dókítà ará Ìlú Ọba, ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Zoonomia pé àwọn tí ó pẹ́ lórí omi a máa rí i bí ẹni pé yàrá ń mì, nígbà tí oorun bá fẹ́ gbé wọn lọ. Ẹni tí ó bá sì ń ṣe fún wákàtí díẹ̀, tàbí fún ọjọ́ kan sí méjì, kò sí ewu níbẹ̀. Yóò lọ fúnra rẹ̀, bí ti ọmọ ìyá wa ṣe lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ọpọlọ wọn kọ̀ láti gbàgbé. Èdè Faransé ni wọ́n fi sọ àìsàn náà lórúkọ, mal de débarquement, èyí tí a lè pè ní àìsàn ìsọ̀kalẹ̀. Ní ọdún 1987 ni àwọn oníṣègùn méjì ní Amẹ́ríkà, Brown àti Baloh, ṣe àlàyé lórí àwọn tí tiwọn kò lọ bọ̀rọ̀. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ òòyì lágbàáyé, tí wọ́n fi orúkọ Bárány sọ, fi àmì tí a ó fi mọ̀ ọ́n lélẹ̀. Mẹ́rin ni n ó mẹ́nu bà. Èkíní, fífì ni, bí ọkọ̀ ojú omi. Kì í ṣe yíyí bí òkòtó. Èkejì, ó bẹ̀rẹ̀ láàrin wákàtí 48 lẹ́yìn tí a sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀kẹta, ó ju wákàtí 48 lọ kí ó tó dáwọ́ dúró, ó sì wà lára ní ọ̀pọ̀ jù nínú wákàtí ọjọ́. Ẹ̀kẹrin, tí í ṣe àmì tí ó gba ìyá ará Arámọkọ sílẹ̀, ni pé a máa rọ̀ bí ènìyàn bá tún wọ ọkọ̀ tí ó ń rìn. Ọpọlọ ń retí ìrìn. Bí ó bá rí ìrìn náà, a sinmi.

Àwọn obìnrin ni ó ń ṣe jù, pàápàá àwọn tí ó ti tó nǹkan bí ẹni ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá yẹ etí wò, etí a dára. Bí wọ́n bá ya àwòrán orí, àwòrán a mọ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń sọ fún aláìsàn pé kò sí ohun tí ó ṣe é. Irọ́ kọ́ ni aláìsàn ń pa. Òṣùwọ̀n kò bàjẹ́. Ẹni tí ó ń ka òṣùwọ̀n ni ó ń kà á sódì. Àwọn kan wà tí ó ń lọ lára wọn láàrin ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí ó bá fún ọdún. Kì í pa ènìyàn, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ara rẹ ènìyàn, kí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, pàápàá bí kò bá sí ẹni tí ó gbà á gbọ́.

Ṣé ìwòsàn wà? Oògùn tí ó ń dá èébì ọkọ̀ dúró kì í sábà ran èyí lọ́wọ́. Dókítà lè fún ni ní oògùn tí ń mú ọpọlọ rọlẹ̀, ṣùgbọ́n irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè di bárakú. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín rà á. Ní ọdún 2014, Mingjia Dai àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Mount Sinai ní New York ròyìn ọ̀nà kan. Wọ́n mú aláìsàn jókòó sí ibi tí ìlà ti ń yí ká gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ ń wò, wọ́n sì ń tẹ orí rẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì ní ìwọ̀n bí ara rẹ̀ ṣe ń fì. Ète wọn ni pé kí ọpọlọ kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn tí yóò pa ti òkun rẹ́. Nínú ènìyàn 24 tí wọ́n ṣe é fún, 17 ni ó sàn pátápátá tàbí tí ara wọn fúyẹ́ gidigidi, nígbà tí wọ́n tún wò wọ́n ní nǹkan bí ọdún kan lẹ́yìn náà. Àwọn mìíràn sàn fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó padà. Kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là.

Ní báyìí, kí ni ẹni tí ó wà nílé lè ṣe? Ẹ jẹ́ kí n tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìrìn-àjò, ẹ mu omi dáadáa, ẹ sùn tó, ẹ sì máa rìn lórí ilẹ̀ títẹ́jú ní ojúmọmọ, kí ẹ máa wo ohun tí ó jìnnà, bí òkè tàbí igi ńlá. Ẹ má ṣe dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ara tí kò rìn kò ní tún ìrìn ilẹ̀ kọ́. Ẹ má gun àkàbà, ẹ má gun ọ̀pẹ, ẹ má dúró létí kànga, ẹ má sì wa ọkọ̀ tàbí ọ̀kadà títí ilẹ̀ yóò fi dúró. Bí a bá dìde lóru, kí iná wà, kí ohun tí a lè dì mú sì wà nítòsí, nítorí nínú òkùnkùn, ìránṣẹ́ kan ti dákẹ́.

Bí ó bá kọjá ọjọ́ méjì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀, bóyá ó ń fì tàbí ó ń yí, bóyá ó ń rọ̀ nínú ọkọ̀, ohun tí ó ń mú un le. Àìsùn, àníyàn, fóònù tí a ń fi ọwọ́ fa àwòrán rẹ̀ lọ sókè sódò, àti ibi tí èrò ti pọ̀ jù, gbogbo wọn ni ó lè mú un le. Ẹ mú ìwé náà tọ dókítà lọ. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó ní àwọn oníṣègùn etí, imú àti ọ̀fun. Ẹ sọ fún wọn láìtijú pé orí omi ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti ní àìsàn ìsọ̀kalẹ̀ rí, kí ó ronú kí ó tó tún wọ ọkọ̀ òkun, nítorí ó lè padà.

Àwọn tí ìṣòro tiwọn jẹ́ èébì nínú ọkọ̀, kí wọ́n jókòó síwájú, kí wọ́n sì gbé ojú sí ọ̀nà tí ó jìnnà. Kí wọ́n má kàwé, kí wọ́n má wo fóònù. Kí wọ́n jẹ oúnjẹ díẹ̀ tí kò ní epo púpọ̀. Ebi kò dára, àjẹyó kò sì dára. Kí wọ́n ṣí fèrèsé. Nínú ọkọ̀ òkun, àárín ọkọ̀ ní ìsàlẹ̀ ni kò mì tó ibòmíràn. Atalẹ̀ a máa ran àwọn kan lọ́wọ́. Àwọn oògùn wà pẹ̀lú, bí hyoscine, cinnarizine àti promethazine, ṣùgbọ́n kí ìrìn tó bẹ̀rẹ̀ ni a ń lò wọ́n. Wọ́n a máa kun ènìyàn lóorun, nítorí náà awakọ̀ kò gbọdọ̀ lò wọ́n, a kò sì gbọdọ̀ fi ọtí sí i. A kì í fún ọmọ tí kò tí ì pé ọdún méjì ní promethazine. Àgbàlagbà tí ìtọ̀ ń dí, tàbí tí ojú rẹ̀ ní àìsàn ojú líle, kí ó bi dókítà kí ó tó lò hyoscine. Ẹ má sì lu ọmọ tí ó bì. Láti ọmọ ọdún méjì sí méjìlá ni ó ń ṣe wọ́n jù, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò dàgbà kúrò nínú rẹ̀.

Mo fẹ́ kìlọ̀ kan. Kì í ṣe gbogbo òòyì ni ó ti òkun wá, bí a tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkun dé. Ibà, àìtó ẹ̀jẹ̀, ìrù ẹ̀jẹ̀ àti ebi lè fa òòyì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò kí ẹ tó lo oògùn. Abẹ́rẹ́ streptomycin àti gentamicin lè ba òṣùwọ̀n inú etí jẹ́. Kuiníìnì náà lè mú kí etí máa hó kí òòyì sì máa kọ́ni. Bí yàrá bá ń yí gbirigbiri fún ìṣẹ́jú kan péré nígbàkígbà tí ẹ bá yíra padà lórí ibùsùn, ó lè jẹ́ pé òkúta wẹ́wẹ́ inú etí ni ó kúrò ní ipò rẹ̀. Dókítà tí ó mọ̀ ọ́n lè yí orí yín létòlétò kí ó padà sípò. Ṣùgbọ́n bí òòyì bá dé pẹ̀lú ẹnu tí ó wọ́, ọ̀rọ̀ tí kò já gaara, apá tàbí ẹsẹ̀ kan tí ó kú, ojú tí ń rí nǹkan ní méjì-méjì, tàbí ẹ̀fọ́rí líle tí kò ṣe wá rí, ẹ má dúró di ọ̀la. Ó lè jẹ́ àrùn rọpárọsẹ̀, wákàtí kọ̀ọ̀kan ni ó sì níye lórí.

Ìyá wa ńkọ́? Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ó sọ fún mi pé nínú bọ́ọ̀sì ni òun ti ń rí àlàáfíà, mo kọ orúkọ àìsàn náà sórí bébà fún un, mo sì ní kí ó mú un tọ dókítà lọ. Wọ́n yẹ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé kò sí ohun búburú mìíràn, wọ́n sì kọ́ ọ ní bí yóò ti máa rìn, bí yóò ti máa sinmi. Omi tú jáde lójú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní kì í ṣe oògùn ni ó pa òun lẹ́kún, bí kò ṣe pé ẹnì kan gbà pé òun kò purọ́. Ó ti di oṣù keje báyìí. Ilẹ̀ ṣì ń fì díẹ̀ bí ó bá rẹ̀ ẹ́, tàbí bí kò bá sùn dáadáa. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣí, kò tà á mọ́. Ní ọjọ́ tí mo lọ kí i kẹ́yìn, iyán ni ó fi ṣe mí lálejò. Mo bi í léèrè ta ni ó gún un. Ó ní àwọn ọmọ ilé ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òun ni òun parí rẹ̀. Ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ ni ó gbé omi wá fún mi, kò sì sí ẹni tí ó fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin ará, àwọn àgbà ní etí tí ó gbọ́ àlọ ni yóò gbọ́ àbọ̀. Ti ìrìn-àjò òkun rí bẹ́ẹ̀ gan-an: etí tí ó bá ni lọ, òun ni ó ń bá ni bọ̀, nígbà mìíràn a sì máa pẹ́ lẹ́yìn wa kí ó tó dé. Bí ẹnì kan nínú ilé yín bá ti àjò dé tí ó ní ilẹ̀ ń fì, ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sì wá ẹni tí ó ṣe é. Ẹ dì í lọ́wọ́ mú, ẹ bi í léèrè bí ó ti ń rí nínú ọkọ̀, kí ẹ sì mú un lọ sí ibi tí wọn yóò ti wò ó. Ó dàbọ̀ o.